Ọjọ́ Tí Mo Dọ̀bálẹ̀ ní Pápá Ìje Ọkọ̀

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ní Torino yìí náà, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ mi láti máa kí bàbá mi. Bí mo bá ti fojú kàn wọ́n, ìbáà jẹ́ nínú ilé, ìbáà jẹ́ níbi tí a ti ń wọ tíráàmù, àyà mi gbọ́dọ̀ kanlẹ̀, n kò sì gbọdọ̀ dìde títí wọn yóò fi dáhùn. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, tí ẹ máa ń na ọwọ́ kan sókè, tí ẹ ó ní "ciao", tí ẹ ó sì kọjá sí yàrá, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe wà nìyẹn. Kódà bí yìnyín bá bo ilẹ̀, tí ẹ̀wù òtútù mi sì jẹ́ tuntun, ohun tí ìyá mi yóò máa wò ni bóyá mo gbé ìdí sókè jù.

Bàbá mi kì í gbélé láàárín ọ̀sẹ̀. Iṣẹ́ wọn wà ní pápá kan tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ díje, ó kọjá Asti lọ dáadáa, àwọn òṣìṣẹ́ sì ní yàrá tí wọ́n ń sùn sí níbẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ń wálé. Wọ́n sọ fún wa pé àwọn wà lára àwọn tó ń pààrọ̀ táyà ọkọ̀ ìje. Wọ́n á fi ọwọ́ júwe rẹ̀ fún wa nídìí oúnjẹ: bí ọkọ̀ ṣe ń já wọlé, bí àwọn ọkùnrin ṣe ń bẹ́ sí i, bó ṣe jẹ́ pé kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ọkọ̀ ti lọ. Táyà iwájú lápá òsì ni tiwọn. Àwọn ọkùnrin Yorùbá tó ń kó páálí ní ilé ìkẹ́rùsí máa ń wá jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ Sátidé láti gbọ́ ìròyìn ìje. Èmi ni mo máa ń gbé àga fún wọn, orí mi á sì máa wú.

Ọdún tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún, maestra tó ń kọ́ wa sọ pé pápá ìje ọkọ̀ yẹn ni a máa lọ fún gita, ìrìn àjò afẹ́ ilé-ìwé ọdún náà. Ibẹ̀ ti di ibi tí àwọn èèyàn ń lọ wò nígbà tí kò bá sí ìdíje. Wọ́n á mú yín yíká, ẹ ó rí àwọn ọkọ̀ àtijọ́ nínú gíláàsì, ẹ ó gun orí pèpéle tí àwọn tó borí máa ń dúró sí, ẹ ó sì fi ẹsẹ̀ ara yín tẹ ojú ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ náà ń sá. Kí maestra tó sọ̀rọ̀ tán ni mo ti nawọ́. Mo ní bàbá mi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, pé àwọn ni wọ́n ń pààrọ̀ táyà. Àwọn ọmọ tí kì í bá mi ṣeré bẹ̀rẹ̀ sí í pín bisikíìtì fún mi. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi jẹ́ èèyàn láàárín wọn.

Mo fẹ́ sọ fún bàbá mi, ṣùgbọ́n ìyá mi ní kí n fi pamọ́, kí n kàn yọ sí wọn níbi iṣẹ́, inú wọn á dùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá mi lọ ṣòkòtò mi títí ó fi dúró gan-an.

"Bó o bá ti rí wọn, dọ̀bálẹ̀ dáadáa o," ni ìyá mi wí. "Jẹ́ kí àwọn òyìnbó yẹn mọ̀ pé a kọ́ ẹ nílé."

Bọ́ọ̀sì pullman gbé wa débẹ̀ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Oòrùn ti mú. Ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà ni mo kọ́kọ́ wò, ilẹ̀kùn irin ibẹ̀ sì wà ní títì. Mo bi obìnrin tó ń mú wa kiri pé níbo ni àwọn tó ń pààrọ̀ táyà wà. Ó ní wọn kì í gbé ibẹ̀, pé àwọn tó ni ọkọ̀ ló ń kó wọn wá lọ́jọ́ ìdíje, àwọn náà ló sì ń kó wọn lọ. Mo rò nínú ara mi pé obìnrin yìí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ó wá mú wa sọ̀ kalẹ̀ sí ojú ọ̀nà ìje gan-an. Ibẹ̀ ni mo ti rí bàbá mi. Wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ọsàn, wọ́n ń fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ṣa bébà àti agolo kúrò nínú koríko ẹ̀bá ọ̀nà, àpò pàǹtírí sì wà ní ọwọ́ wọn kejì.

Ẹ lè rò pé ojú tì mí. Rárá o. Ara mi ti mọ ohun tí yóò ṣe kí ọkàn mi tó mọ̀. Mo sáré jáde láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi, mo na gbalaja sórí ọ̀dà gbígbóná yẹn, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, bàbá mi."

Bàbá mi kò dáhùn.

N kò dìde. Wọn kò tíì dáhùn, báwo ni mo ṣe fẹ́ dìde? Ọ̀dà ń jó mi ní àtẹ́lẹwọ́ àti ní àgbọ̀n. Bàtà iṣẹ́ wọn ni mo ń wò, okùn ọ̀kan ti já, wọ́n sì fi wáyà so ó. Lẹ́yìn mi, ọmọ kan kígbe pé mo ń fẹnu ko ilẹ̀ bí awakọ̀ tó gbapò kìíní, gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn àlejò mìíràn ti ń ya fọ́tò. Maestra sáré dé, ó rò pé oòrùn ló gbé mi ṣubú. Ó bi bàbá mi bóyá wọ́n mọ ọmọ yìí.

"Non lo conosco, signora," ni bàbá mi wí.

Àwọn kò mọ̀ mí. Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn, wọ́n gbé àpò wọn, wọ́n kọjá sí òdìkejì ọ̀nà, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Maestra fà mí dìde, ó bi mí pé kí ló ṣe mí. Mo ní mo ṣubú ni. Nígbà tí a ń padà lọ, kò sẹ́ni tó bá mi pín nǹkan kan nínú pullman.

Ìyá mi ti dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé o bá wọn? Ṣé o dọ̀bálẹ̀?" Mo ní n kò bá wọn, pé àwọn ará ibẹ̀ ní wọ́n ti rán wọn níṣẹ́. Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa fún ìyá mi nìyẹn.

Nígbà tó di Sátidé, bàbá mi dé, mo dọ̀bálẹ̀ bí ìṣe mi. Àyà mi kò tíì kanlẹ̀ tí wọ́n ti ní, "Ó tó, dìde, dìde." Ìyá mi gbé oúnjẹ sílẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ yín wá síbi iṣẹ́ yín lọ́sẹ̀ yìí, kò mà bá yín o." Bàbá mi wo ojú mi. Mo wò wọ́n padà. "Bẹ́ẹ̀ ni," ni wọ́n wí, "Milano ni wọ́n rán wa lọ lọ́jọ́ yẹn, a lọ kó táyà wá." Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí ìyá mi fi ẹran kún ọbẹ̀ mi. Mo jẹ ẹran náà. Ọmọdé ni mí, ebi sì ń pa mí, ṣùgbọ́n títí di òní, inú ara mi ń bí mi pé mo jẹ ẹ́.

Ẹ gbọ́ mi yé o. N kò bínú nítorí pàǹtírí. Èmi náà ti gbálẹ̀ ilé ìtajà ní Padova, mo ti kó páálí, mo ti nu ìdí àwọn arúgbó onílùú, kò sì sí èyí tí mo fi pamọ́ fún ọmọ mi. Irọ́ táyà yẹn gan-an, mo ti fi jì wọ́n tipẹ́. Ẹni tó wà nílùú onílùú ń wá ohun tí yóò fi gbórí sókè láàárín ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n pé wọ́n ní àwọn kò mọ̀ mí, tí mo sì wà nílẹ̀ níwájú wọn, n kò tíì fi jì wọ́n. Síbẹ̀, ẹ rí i pé "wọ́n" ni mo ṣì ń pè wọ́n. Ẹ̀kọ́ ilé kì í fini sílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Nígbà tí àìsàn dá wọn gúnlẹ̀, èmi ni mo ń wẹ̀ fún wọn. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń retí ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n tọrọ àforíjì nítorí ilẹ̀ kan tí wọ́n tà nílé láìsọ fún mi. Wọ́n tọrọ àforíjì nítorí ọjọ́ kan tí wọ́n nà mí láìṣẹ̀. Èmi kò tilẹ̀ rántí ẹgba náà mọ́. Èyí tí mo ń dúró dè, wọn kò mẹ́nu bà á, èmi náà kò sì lè bèèrè. Ta ni yóò yin ọmọ tó ń ka ẹ̀sùn sí bàbá rẹ̀ lọ́rùn lórí ibùsùn ikú? Wọ́n sì lọ bẹ́ẹ̀. Níbi fídáù ogójì ọjọ́ wọn, ẹnìkan gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní olóògbé bá àwọn awakọ̀ ìje ṣiṣẹ́ ní Ítálì. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ìyá mi yíjú sí mi, ẹ̀rín músẹ́ lẹ́nu wọn, mo sì pàtẹ́wọ́.

Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin mi tó ń gbé ní Pordenone kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ wo pápá náà, ó sì bẹ̀ mí kí n bá wọn lọ. Ibẹ̀ ti yàtọ̀. Ẹ̀rọ ló ń gbálẹ̀, wọ́n ti kọ́ ilé ìtajà fìlà àti ọkọ̀ ìṣeré, èrò sì tò lọ bẹẹrẹ láti ya fọ́tò lórí pèpéle. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ní, "Vieni, nonno," pé kí bàbá àgbà àwọn máa bọ̀. Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Mo jókòó sídìí kọfí kan tí n kò fẹ́ mu títí wọ́n fi ṣe tán.

Ayé ti yí padà lóòótọ́. Lóde òní, ọmọ ló ń túmọ̀ contratto, ìwé àdéhùn iṣẹ́ bàbá rẹ̀, fún un. Kò sí bàbá tó lè fi táyà tan ẹnikẹ́ni jẹ mọ́. Àwọn ọmọ náà kì í sì í dọ̀bálẹ̀ mọ́. Bí a bá ṣèpàdé, àwọn ẹgbẹ́ mi á máa ráhùn pé ìkíni ti run, wọ́n á ní kí èmi náà sọ̀rọ̀, kí n bá àwọn ọmọ wí. N kì í sọ nǹkan kan. Láti kékeré la ti ń na ọmọ kí ó lè mọ̀ ọ́n kí. Ta ló na bàbá kankan rí kí ó lè mọ̀ ọ́n dáhùn?