Nọ́ọ̀sì tí mo fẹ́ fi fídíò dójú tì

Ẹ̀yin ará Festac, ojú ń tì mí débi pé mi ò lè jẹun.

Mo mú Mọ́mì lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní hẹ́lùtì sẹ́ńtà láàárọ̀ yìí. Èrò kún bámú, ẹ̀yìn pátápátá la jókòó sí.

Nọ́ọ̀sì tó wà nídìí tábìlì ń tẹ fóònù. Bó ṣe ń parí ọ̀kan ló ń pe òmíì, ó tún ń rẹ́rìn-ín!

Inú bí mi. Mo yọ fóònù tèmi, mo ń ṣe fídíò ẹ̀, mo sì ń pariwo: "Ẹ wo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe o! Nọ́ọ̀sì, ẹ ò rí wa ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, ó ku ẹnì kan."

Fóònù Mọ́mì bá dún, wọ́n gbé e sí sípíkà.

"Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì Alákijà. Oògùn yín ti tán lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò rí yín. Ṣé kò sí wàhálà o?"

Nọ́ọ̀sì yẹn náà ni! Àwọn tí oògùn wọn tán tí wọn ò wá ló ń pè látàárọ̀.

Mọ́mì dìde, wọ́n juwọ́ sí i: "Èmi rèé, ọmọ mi. Ẹni tó ń pariwo yìí ni kò ráyè gbé mi wá."

Mo ti pa fídíò yẹn rẹ́.

Ẹ sọ òótọ́ fún mi nísàlẹ̀ yìí: ta ló ń bá yín béèrè oògùn ìyá yín?