Ibi Tí Ìṣirò Náà Ti Bẹ̀rẹ̀

Àbúrò ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ìyá Eléérún, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ kò kọjá àwọn eérún tíntìntín tó para pọ̀ di irin àti òkúta. "Ṣé o máa kà wọ́n tán láyé yìí?" ni obìnrin náà máa ń bi í.

Eérún kan ṣoṣo kò ṣòroó ṣírò. Bí wọ́n bá ti pọ̀ ni wàhálà dé: ọ̀kan ò ní mira kí gbogbo ìyókù má mọ̀ ọ́n lára, kò sì sí kọ̀ǹpútà tó lè tọ gbogbo wọn lẹ́sẹ̀. Ìdí nìyí tó fi ń wá ọ̀nà àbùjá látìgbà tó ti gboyè ọ̀mọ̀wé. Bí ìgbìmọ̀ yunifásítì bá gba ọ̀nà náà, wọ́n á tún gbà á síṣẹ́. Bí wọn ò bá gbà á, ilé yá.

Ẹnu iṣẹ́ yìí ló wà tí bàbá rẹ̀ fi kú. Wọ́n sin ín lópin ọ̀sẹ̀, ó padà sídìí tábìlì lọ́jọ́ Ajé. Kò sunkún. Àwọn ará ilé ní ọkàn rẹ̀ le. Irọ́ ni, gbogbo inú rẹ̀ ló kú bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé.

Ọ̀nà àbùjá náà rọrùn: èèyàn á fún kọ̀ǹpútà ní àbá kan, kọ̀ǹpútà á máa tún un ṣe títí kò fi ní yí padà mọ́. Ó dán an wò lórí ìṣirò kan tí wọ́n ti mọ ìdáhùn rẹ̀, ó sì bọ́ síbẹ̀ gẹ́ẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Òun náà rẹ́rìn-ín, torí ó mọ̀ pé ó yẹ kéèyàn rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ bá ìgbìmọ̀, ó tún iṣẹ́ náà yẹ̀ wò. Ìdáhùn gan-an ló ti gbé kalẹ̀ bí àbá! Kọ̀ǹpútà kò rí nǹkan kan tún ṣe. Ó fi àbá mìíràn sí i, ìṣirò náà kọrí sígbó, kò padà wá. Ó yẹ kí àyà rẹ̀ já. Kò já. Ó dìde, ó lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ẹ má mú un lọ. Ìdáhùn ni mo fi bẹ̀rẹ̀."

"Ìwọ? Ìgbà wo lo ṣe irú ẹ̀?"

"Ọ̀sẹ̀ tá a sin bàbá mi."

Ọ̀gá rọra jókòó. "Bàbá ẹ kú? Àràárọ̀ ni mò ń bi ọ́ pé ṣé dáadáa ni."

"Dáadáa náà ni mò ń sọ, sà."

Ọ̀gá pe ìgbìmọ̀ pé àwọn ò wá mọ́. Iṣẹ́ lọ nìyẹn, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Bó ṣe jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni fóònù rẹ̀ dún.

"Ọmọ mi, ṣé dáadáa ni?" Ìyá rẹ̀ ni.

Èsì tó máa ń fọ̀ ti dé orí ahọ́n. Ó gbé e mì.

"Rárá, Màámi."

Ìyá náà mí kanlẹ̀.

"Ọpẹ́ o," ló wí. "Mo ti rò pé èmi nìkan ni."