Ọjọ́ Tí Wọ́n Jẹ́ Ìpè Bánjọ

Bí wọ́n bá ń wá ọ̀làwọ́ ní àdúgbò Wuye, ní Abújá, Bánjọ ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú, ìyẹn bó bá jẹ́ pé ẹnu nìkan ni wọ́n fẹ́ kó fi lawọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni, ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Kò sí bó ṣe lè máa jẹun kí ẹnikẹ́ni gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé rẹ̀ kọjá kó má pè é. "Ẹ wá jẹun o!" Onítọ̀hún á ní, "Á gba ibi ire o," á sì bá tirẹ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé nìyẹn. Ẹni tó pè ti ṣe ọmọlúàbí, ẹni tí wọ́n pè náà ti ṣe ọmọlúàbí, ẹran sì wà nínú ọbẹ̀ níbi tó wà. Alàájì Àlímì, ọmọ Kábà tí wọ́n jọ ń gbé ọgbà kan náà, ti ń dáhùn báyìí láti ọjọ́ tí Bánjọ ti kó débẹ̀, kò sì tíì fi ẹnu kan oúnjẹ rẹ̀ rí.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí ìsinmi gígùn àwọn ọmọ iléèwé ti ń lọ sópin. Bánjọ ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá Ànú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, níwájú ilé pẹ̀lú àwọn ọmọ ọgbà. Abújá ni wọ́n bí Ànú sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bí a bá sọ ọ́ sí i, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáhùn. Àwọn ọmọ náà ń sọ nípa àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó lọ lo ìsinmi ní Èkó àti ní òkè òkun. Àwọn ò lọ ibì kankan, ó sì hàn lójú wọn. Àánú wọn ṣe Bánjọ, bí àánú bá sì ti ṣe Bánjọ, ẹnu rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń yá.

"Ẹ má banú jẹ́ mọ́! Ẹ wá sílé wa lọ́la. A máa ṣe pátì. Ẹ ó jẹ, ẹ ó mu, ẹ ó yó!"

Ó ti kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó ń retí "á gba ibi ire" tirẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tèmídayọ̀ ló dá a lóhùn.

"Thank you, sir! What time?"

Bánjọ dúró gbagidi. Láti ọjọ́ tó ti ń pe èèyàn wá jẹun, ẹnikẹ́ni kò bi í ní aago rí.

"Aago... aago mẹ́ta," ló sọ, ó sì sáré wọlé bí ẹni tí òjò ń lé. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Rẹ̀mí, ìyàwó rẹ̀, ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ilé ìdáná. Kò bínú. Ẹ̀rín ló rín títí ó fi di ògiri mú. Owó oṣù kò tíì wọlé, ìrẹsì tó kù nílé kò sì lè bọ́ ju àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ.

"Bàbá Ànú, mo ní ìpàdé àwọn ìyá ìjọ lọ́la," ó ní. "Ẹnu yín ló pè wọ́n, ẹnu yín náà ni kó bọ́ wọn."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bánjọ pinnu láti sọ òótọ́ fún ọmọ rẹ̀. Ó pè é jókòó.

"Ànú mi, ṣé o rí i, bí Yorùbá bá ní kéèyàn wá jẹun, ìkíni ni nígbà mìíràn. Kì í ṣe pé..."

Ànú ń wò ó. Àárọ̀ kùtù ni, ó sì ti wọ aṣọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀. "Waris said you were just talking," ó ní, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọgbà ló ń wí. "I told everybody my daddy doesn't just talk."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Bánjọ ní akínyẹmí ara. Gbogbo Wuye ló mọ̀ pé ẹnu lásán ni, ìyẹn kò sì dùn ún rí. Àmọ́ ọmọ yìí nìkan ló kù láyé tó gba ẹnu náà gbọ́, ẹ̀rù sì bà á pé òun fẹ́ pàdánù rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé lásán.

"Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé," ó ní, "aago mẹ́ta yẹn, aago mẹ́ta géérégé ni o. Mi ò fẹ́ àpẹ́dé."

Ó gba ọjà ẹja lọ ní Kado. Ó fọwọ́ kan ẹja àrọ̀ ńlá kan, ó gbọ́ iye rẹ̀, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ padà bí ẹni pé iná jó o. Ó rìn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń ta ẹja wẹ́wẹ́.

"Oga, na for your cat?"

"Na for party."

Obìnrin náà wò ó tàánútàánú, ó sì bu ẹ̀kúnwọ́ kan ṣe ènì fún un.

Bó ṣe délé, ó da epo síná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í din ẹja. Ti àkọ́kọ́ jó di èédú. Ti èkejì jó lápá kan. Ìgbà tó fi máa dé orí ẹ̀kẹta, ó ti di ọ̀gá. Ohun tí wọ́n máa fi jẹ ẹja náà ló wá kù, kò sì sí nǹkan mìíràn nílé ju gàrí Ìjẹ̀bú tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti ilé. Ó ra yìnyín, ẹ̀pà àti ṣúgà sí i. Ojú tì í gan-an. Ta ló ń fi gàrí mímu ṣe pátì ní Abújá?

Nígbà tí aago mẹ́ta lù, àwọn ọmọ ti kún pálọ̀ fọ́fọ́: àwọn tó pè, àwọn tí àwọn tó pè lọ pè, àti àwọn méjì tí ẹnikẹ́ni kò mọ ilé wọn. Bánjọ gbé abọ́ kalẹ̀, ó sì dúró lẹ́bàá ògiri bí ẹni tó ń retí ìdájọ́. Ànú náà kò jẹun. Tèmídayọ̀ ni òun náà ń wò.

Tèmídayọ̀ bu ṣíbí kan sẹ́nu, ó ń rún un wàrùwàrù. "Sir, what cereal is this?"

"Ìjẹ̀bú Special," ni Bánjọ dáhùn.

"Please, can I have more?"

Ariwo bá sọ. Gbogbo wọn ń na abọ́, wọ́n ń jà sí ẹ̀pà, wọ́n ń jẹ ẹja tòun ti egungun. Ànú rẹ́rìn-ín, ó sì wá gbé abọ́ tirẹ̀. Àárín ariwo yìí ni Alàájì Àlímì yọjú tòun ti iṣu kan lápá.

"Mo gbọ́ òórùn oúnjẹ láti ilé yín," ó ní, "mo ní kí n wá wò ó bóyá ilé ń jó."

"Ẹ wá jẹun, Alàájì."

Alàájì gbé iṣu kalẹ̀, ó fa àga. "Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ní á gba ibi ire. Lónìí, ọ̀nà ọ̀fun mi ni kó gbà."

Nígbà tí Rẹ̀mí dé láti ìpàdé, ó gbé kúlà kan lọ́wọ́. Zobo tútù ló kún inú rẹ̀. Ó ti sè é sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ láì sọ fún ẹnikẹ́ni. "Ṣé ẹ rò pé mo máa jẹ́ kójú tì yín ni?" ó ní.

Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ dé, tí àwọn ọmọ ti lọ, Bánjọ jókòó síwájú ilé. Kò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti àárọ̀. Ẹja kan ṣoṣo ló fi pamọ́ fún ara rẹ̀, òun ló sì tóbi jù. Bó ṣe fẹ́ bù ú jẹ ni Àbdùlláhì tó ń ṣọ́ géètì gba ibẹ̀ kọjá tòun ti kẹ́tù àlùwàlá lọ́wọ́.

"Sànnu, Àbdùlláhì! Wá jẹun!" Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ sí i.

Ó ti pẹ́ tí Àbdùlláhì ti bá Yorùbá gbé. Ó mọ èsì rẹ̀. "Á gba..."

Àpótí ìjókòó ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ànú ló gbé e wá.

"Ẹ jókòó," ni Ànú wí, ahọ́n rẹ̀ ń wọ́ díẹ̀díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. "Dádì mi ní kẹ́ ẹ wá jẹun."

Àbdùlláhì wo Bánjọ. Bánjọ wo ẹja rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀. Ebi ń ta á nínú, inú rẹ̀ sì ń dùn ju bó ṣe lè sọ lọ, òun tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó ti àwo náà síwájú àlejò rẹ̀.

"Yauwa," ni Àbdùlláhì wí. Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹja náà ti sanra jù.