Ọdún tí Màámi Kàwé Dé Ibi Ìrìbọmi

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ifọ̀, kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó dé, ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ ló máa ń jí wa fún àdúrà. Bó bá ti fọn fèrè báyìí, Bàámi, tó jẹ́ lébìrà ní rélùwéè, yóò lu agogo kékeré kan. Èmi àti àbúrò mi yóò sì fẹ̀yìn ti ògiri, ojú wa yóò wú bí àkàrà inú epo. Ẹni tó bá sùn nínú àdúrà yóò kúnlẹ̀, yóò na ọwọ́ méjèèjì sókè títí ẹ̀kọ rẹ̀ yóò fi tutù níwájú rẹ̀. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ó dá mi lójú pé orúnkún tiyín náà kò gbàgbé.

Màámi kì í sùn ní tirẹ̀. Òun ló máa ń dá orin. Ṣùgbọ́n abúlé kan lẹ́yìn Mòwé ni wọ́n bí i sí, kò sì sí iléèwé níbẹ̀. Nínú ìjọ wa, ẹni tí kò bá lè ka Bíbélì kò lè ṣe ìrìbọmi, àgbà tí kò bá sì tíì ṣe ìrìbọmi gbọ́dọ̀ jáde bí ó bá ti kan oúnjẹ Olúwa. Màámi á rọra dìde, á tún gèlè rẹ̀ ṣe, á lọ jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù títí a óò fi jáde. Kò ráhùn rí. Èmi ni ó máa ń dùn, ó ń dùn mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kì í lè gbójú wo ẹnu ọ̀nà.

Mo pinnu pé èmi ni n óò kọ́ ọ níwèé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni èmi Bọ́sẹ̀ nígbà náà. Bí ó bá ti ń yan gàrí, mo máa ń ka sáàmù olùṣọ́-àgùntàn sí i létí, òun náà á sì máa tẹ̀ lé mi. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi mọ̀ ọ́n dópin. Mo fò sókè. Mo rò pé ìwé náà nìyẹn.

Ọjọ́ ìdánwò dé. Tíṣà ìjọ gbé Bíbélì lé e lọ́wọ́ pé kí ó ka sáàmù náà. Màámi ṣí i, ó kà á bí omi tó ń ṣàn. Tíṣà wò ó títí, ó rìn lọ bá a, ó yí ìwé náà padà.

"Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ dorí ìwé kodò."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Màámi ní, "Ẹ ṣeun, Tíṣà," ó sì jókòó.

Nílé, Ìyá Rábí, Mùsùlùmí tí wọ́n jọ ń yan gàrí, kò jẹ́ kó simi. "Ìyá Bọ́sẹ̀, ojú ẹ mà le o! Èmi tí mo ti ń ké kéwú láti kékeré, mi ò lè kà á bó bá dorí kodò!" Màámi rẹ́rìn-ín títí gàrí fi jó.

Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, torí kì í ṣe ìtìjú nìkan. Ẹ̀rù bà mí. Mo gbà pé èmi gan-an ni mo ti ìyá mi sẹ́yìn ilẹ̀kùn Ọlọ́run. Mo jẹ́wọ́ fún Bàámi, mo sì ń retí pàṣán.

"Sáàmù lo kọ́ ọ, o ò kọ́ ọ níwèé," ni ó wí. "Lọ bẹ̀rẹ̀ láti orí a, b, d."

Láti ọjọ́ náà, tí a bá ti tẹ́ gàrí sórí ẹní kí ó tutù, mo máa ń fi ìka kọ lẹ́tà sí i. "Èyí ńkọ́?" "B ni," ni Màámi á dáhùn, "ó kẹ̀yìn sílé." Á pa á rẹ́, n óò tún kọ òmíràn. Bàámi sì pàṣẹ pé láràárọ̀, Màámi ni yóò ka ẹsẹ kan, yóò sọ ohun tó rí nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Àbúrò mi á máa bẹ̀bẹ̀: "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè kà á, ebi ti fẹ́ pa mí kú!" "Ọlọ́run ò kánjú," ni Màámi máa ń dá a lóhùn, "ìwọ lò ń kánjú."

Ọdún yí po. Kí Àjíǹde tó dé, àlùfáà ìjọ fúnra rẹ̀ ló wá dán àwọn tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi wò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Rábí dúró ní ojú fèrèsé pẹ̀lú igbá gàrí lórí, ó ní òun ò ní lọ sọ́jà. Àlùfáà ṣí ibi tí a kò kà rí: ìtàn obìnrin tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀. Màámi fi ìka tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé ibi iye ọdún tí obìnrin náà ti fi ṣàìsàn, ó dúró. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà, ó ń jó mi lẹ́nu, mo sì bu ọrùn aṣọ mi jẹ. "Mé... jì... dín... ló... gún," ni Màámi wí, "méjìdínlógún!"

Àlùfáà ní, "Kí ni ẹ rí níbẹ̀?"

"Àlùfáà, ẹni tó ti tẹ̀ láti ọdún méjìdínlógún, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ló fi ń dá wọn mọ̀. Nígbà tí Jésù mú un nàró tán, ojú Rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí. Ẹ jẹ́ kí èmi náà rí ojú yẹn."

Àlùfáà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ ti yege."

"Alihamudulilahi!" ni Ìyá Rábí ké láti ojú fèrèsé, gàrí sì dà sílẹ̀. Àlùfáà alára rẹ́rìn-ín.

Lónìí, àwọn ọmọ kéékèèké ń kàwé bí ẹni ń sáré, mo sì dúpẹ́. Ọdún yìí ni èmi náà gba oyè yunifásítì. Wọ́n ní kí n máa kọ àṣàrò òwúrọ̀ fún iléèwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àyà mi sì ń já, torí mo lè ka odidi orí kan kí n má rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Láyé ìgbà náà, ẹsẹ kan tó wa jẹ títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Màámi ló ń kọ́ àwọn obìnrin kíláàsì ìrìbọmi báyìí. Àwọn kan ń fẹsẹ̀ rìn wá láti Ìbógùn. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, mẹ́fà nínú wọn ṣe ìrìbọmi. Nígbà tó kan oúnjẹ Olúwa, kò sí ọ̀kan tó dìde jáde. Wọ́n kún ìjókòó wọn pẹ̀lú Màámi láàárín, wọn kò fi àyè sílẹ̀ fún èmi onídìgírì. Ìdúró ni mo wà, mo sì ń yọ̀.