Ata Tí Mo Dà Sínú Ìkòkò Ọkọ Mi

Mo rántí ìgbà tí ọmọ mi kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ bàbá tó bí i. Kó fún un ní bísíkíìtì, kó fún un ní bàlúùnù, á wo ọwọ́ náà, á wo ojú mi, á sì sá pa mọ́ sẹ́yìn mi. Oyún rẹ̀ ṣì wà nínú mi nígbà tí ọkọ mi lọ sí Áyálàǹdì lókè òkun láti máa tọ́jú àwọn arúgbó, ọmọ sì ti pé ọdún mẹ́ta kó tó ráyè wálé. Inú fóònù ló ti mọ bàbá rẹ̀. Tí mo bá ní kó lọ kí Dádì, fóònù ló máa lọ gbé, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà jókòó síwájú rẹ̀ lórí àga.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún un níbi iṣẹ́. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kó padà, ó sọ fún mi nínú yàrá wa ní àdúgbò Ladi-Lak pé, "Tí ọmọ yìí bá ń wò mí bí àlejò títí mo fi máa lọ, mi ò mọ ohun tí mò ń ṣiṣẹ́ fún mọ́." Aṣọ ni mò ń ká lọ́wọ́, mo sì ń ká a lọ.

Ọjọ́ kejì ló ní òun fẹ́ se ọbẹ̀ àwọn ará Áyálàǹdì fún wa. Ìyá arúgbó kan tó ń tọ́jú ló kọ́ ọ, ìyá náà á jókòó sórí àga, á máa fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ tọ́ka sí ìkòkò. Mo rò pé eré ni, àfìgbà tó ti ọjà Onípanu dé pẹ̀lú ẹran àgùntàn, àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì àti pòtétò ẹ̀kún àpò. Ó ti pe ìyá rẹ̀, ó sì ti pe ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣerun níwájú ilé wa.

Ìyá ọkọ mi, ọmọ Ìlàjẹ ni, ẹja ló tà tó fi tọ́ gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀. Ó gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó ń wo ọmọ rẹ̀ tó ń bó pòtétò.

"Ìyàwó, o jókòó, ọkọ ẹ ń dáná?"

"Màámi, òun ló ní kí n jókòó o."

"Tó bá tiẹ̀ ní kó o jókòó, ṣé o ò lè dìde díẹ̀ kójú má tì mí?"

Ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, Màámi. Ọkọ tèmi, omi gbígbóná nìkan ló mọ̀ ọ́n sè, ìyẹn gan-an á tún jóná."

Ìyá yọjú sínú ìkòkò. "Ata dà?"

"Wọn kì í fi ata sí i, Màámi," ọkọ mi dáhùn.

"Ó dáa. Ta ló ń ṣàìsàn?"

Ọmọ mi náà kì í jẹ ata. Ọ̀tọ̀ ni mo máa ń se tiẹ̀, ìyá ọkọ mi kì í sì í yé bi mí pé ọmọ Ìlàjẹ wo ni kì í jẹ ata. Lọ́jọ́ yẹn, mo rí ọmọ náà tó fi ẹsẹ̀ yí pòtétò kan lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ nílẹ̀. Bàbá rẹ̀ mú un, ó bó o, kò wojú rẹ̀. Ọmọ tún yí òmíràn sí i. Gbogbo wa ṣe bí ẹni pé a ò rí i.

Ọbẹ̀ kù díẹ̀ kó jinná nígbà tí ọkọ mi lọ wẹ̀. Mo tọ́ ọ wò. Ó dùn, ṣùgbọ́n ó funfun bí omi ògì, mo sì mọ̀ pé tí Màámi ò bá lè jẹ ẹ́, èmi ìyàwó ni wọ́n máa sọ pé mi ò wúlò. Ata rodo lílọ̀ wà nínú fíríìjì. Mo da ṣíbí kan sí i, mo da èkejì. Ọwọ́ mi ò sì dúró níbẹ̀. Ẹni tó bá rí pupa rẹ̀ á rò pé ti kárọ́ọ̀tì ni.

Nígbà tí ọkọ mi bu oúnjẹ, ti ọmọ ló kọ́kọ́ bù. Ó lóṣòó síwájú rẹ̀, ó fẹ́ ṣíbí náà títí ó fi tutù, ó nà án sí i. Ọmọ wo ṣíbí, ó wojú mi. Ìgbà yẹn ni mo rántí ata. Kí n tó lahùn, ó ti la ẹnu.

Igbe tó ké, wọ́n gbọ́ ọ dé títì. Ó sáré kó sí mi láyà, ahọ́n rẹ̀ wà níta. Ọkọ mi ṣì lóṣòó síbẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́.

"Ẹ má fipá mú un," ó ní. "Kò fẹ́ mi. Ó ti tán."

Òun fúnra rẹ̀ ò tíì tọ́ ọ wò. Mo lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan sí i. Ẹ̀rù bà mí gan-an, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀ tọmọ-tọmọ.

"Ìwọ kọ́. Èmi ni mo da ata sí i. Ojú ló ń tì mí."

Ó wò mí. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ nígbà tó fọhùn. "Torí ọmọ yìí ni mo ṣe wá oúnjẹ tí kò ní ata."

Ìyá ọkọ mi ló dìde, ó bu omi sínú abọ́ kan, ó gbé e síwájú ọmọ rẹ̀.

"Fọ̀ ọ́ fún un. Kí lò ń wò? Ìwọ náà, títí o fi bẹ̀rẹ̀ iléèwé, mo ń fọ ata kúrò lára ẹja fún ọ."

Mo gbójú sókè wò ó. Ó gbójú kúrò lọ́dọ̀ mi.

Ọkọ mi ki pòtétò bọ omi, ó fi ìka fọ̀ ọ́, ó gbé e sétí abọ́. Ó fọ ẹran kan. Ó tún fọ òmíràn, kò pe ọmọ, kò nawọ́ sí i. Omi náà ti pọ́n kí ọmọ mi tó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Ó lọ dúró tì í, imú rẹ̀ ń ṣàn, ó na ìka sí ẹran. Bàbá rẹ̀ mú un fún un. Ó gbà á.

Ọmọ náà ti ń lọ síléèwé báyìí, ó sì ń jẹ ata ju ìyá bàbá rẹ̀ lọ. Lọ́dọọdún tí ọkọ mi bá wálé, ó máa ń se ọbẹ̀ yẹn, mi ò sì sún mọ́ ìkòkò. Tí a bá ti bù ú tán, ọmọ mi á lọ bu omi sínú abọ́, á gbé e síwájú bàbá rẹ̀. Kò sí ata nínú oúnjẹ náà, àwọn méjèèjì sì mọ̀. Bàbá á máa fọ̀ ọ́ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ọmọ á máa la ẹnu. Mi ò bi wọ́n ní ìdí rí. Èmi ni mo máa ń lọ da omi náà nù.