Ọjọ́ Tí Wọ́n Na Ikọ̀ Wa

Bí mo bá ti ṣí fìrísà, tí kùrukùru tútù òun òórùn ẹran dídì fẹ́ sí mi lójú, ọ̀sán kan ní Krofrom, àdúgbò tí mo dàgbà sí, ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn.

Àbúrò bàbá mi ń bá ikọ̀ họ́kì kan ṣiṣẹ́ ní Kánádà. Òun ló ń wa ọkọ̀ tó ń dán yìnyín tí wọ́n ń gbá họ́kì lórí rẹ̀. Nítorí rẹ̀, ilé wa ò fi ikọ̀ yẹn ṣeré rárá. Sáà ti dé ibi tó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n bá nà á lọlé. Gbogbo wa kó jọ síwájú tẹlifíṣọ̀n, òógùn bò wá, fáànù ń dún kẹ́kẹ́ lókè.

Ikọ̀ kejì gbá gòólù wọlé. Ìyá àgbà rọra ní, "Àmín."

Mo ní, "Ìyá àgbà, tiwa kọ́ nìyẹn. Tiwa ló wọ pupa."

"Yoo, mo ti gbọ́."

Wọ́n tún gbá òmíràn wọlé, ó tún ṣe àmín. Mo rò pé ojú rẹ̀ ni kò ríran dáadáa mọ́.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kánádà ti sọ fún un lórí fóònù pé àwọn ọ̀gá òun ò ní jẹ́ kí òun wá sílé àfi bí wọ́n bá na ikọ̀ náà.

Wọ́n nà wá. Mo sunkún. Ìyá àgbà dìde, ó gbé itan ewúrẹ́ tó ti dì bí òkúta jáde nínú fìrísà, ó gbé e sínú abọ́.

Bàbá mi ní, "Ìyá, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí àbúrò mi tó lè dé."

"Mo mọ̀. Jẹ́ kó máa yọ́."