Síkẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀ nínú fíìmù

Ó ti rẹ̀ mí o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi.

Lẹ́yìn ìsìn òní ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kreuzberg lókè òkun níbí, Bàbá Alàgbà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Wọ́n ní o wọ síkẹ́ẹ̀tì nínú tẹlifíṣọ̀n."

Mo ní, "Iṣẹ́ ni, sà. Bí àwọn ọkùnrin Scotland ṣe ń múra nìyẹn. Mo kàn gbé fèrè alápò wọn dání ni, mi ò tiẹ̀ fọn ọ́n."

"Ọkùnrin kì í wọ aṣọ obìnrin! Má dé àárín akọrin fún oṣù mẹ́ta."

Mo wo bàbá láti òkè délẹ̀. Sùtánà funfun ló wà lọ́rùn wọn, ó balẹ̀ dé kókósẹ̀.

Ara mi ò gba àríyànjiyàn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí: láàárín èmi àti bàbá, síkẹ́ẹ̀tì ta ló gùn jù?